Ewé tí Mo Ṣẹ́ Nínú Igbó Páálí

Ẹ fa àpótí yín súnmọ́ mi. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́ kó gbé e kalẹ̀, ẹni tí ẹ̀rín bá sì máa ń mú ìtọ̀ bọ́ lára rẹ̀ bíi tèmi, kó tètè dé ẹ̀yìnkùlé kó tó wá jókòó, nítorí ìrìn tí mo fẹ́ ròyìn yìí kò ní ibùdókọ̀ láàárín. Èmi Àbẹ̀kẹ́ ọmọ Ọdẹ́kúnlé, ìyá Gbóyèga, tí orúnkún mi ń dún bí ilẹ̀kùn tí wọn kò fi epo sí, tí mo máa ń sinmi kí n tó dé ilé ìdáná, tí mo sì tún máa ń sinmi kí n tó bọ̀, èmi yìí ni mo wọ Igbó Ayípadà. Mo bá Ẹlẹ́nu-látẹ́lẹwọ́ pa àlọ́, mo kí ẹni tó fi ìdí dí odò, mo gbé ẹ̀yinná lábẹ́ ẹsẹ̀ Yíbírí, mo sì jáde láàyè. Ẹ má wojú ara yín. Mo mọ ohun tí ẹ ń rò, ẹ ń rò pé ìyá ti fi ẹnu kan ògógóró. Ẹ̀kọ gbígbóná ni mo mu lọ́jọ́ náà, mo sì jẹ mọ́ínmọ́ín lé e. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òótọ́ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ kí ẹ má baà ní mo tàn yín jẹ: orí tábìlì ilé wa ni igbó náà wà. Bí a bá ti lọ débẹ̀ tí a bọ̀, inú páálí bàtà ni igbó ń sùn.

Ìbídùnní, ọmọ ọmọ mi, ló ṣe é. Àwòrán ni ọmọ yẹn ń yà láti kékeré, ògiri yàrá mi ló kọ́kọ́ sọ di ìwé. Nígbà tó dé láti ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ó mú eré kan bọ̀ tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń ṣe níbẹ̀. Wọ́n á jókòó yí tábìlì ká, oníkálukú á mú ẹni tó wù ú láti jẹ́, ìyẹn jagunjagun, ìyẹn oṣó, ìyẹn olè, wọ́n á sì jọ máa fi ọ̀rọ̀ ẹnu rin ìrìn-àjò. Ẹnì kan nínú wọn ni yóò jẹ́ Onígbó. Òun ni yóò máa sọ ohun tí ojú àwọn yòókù rí, òun náà ni yóò sì máa fọhùn fún gbogbo iwin tí wọ́n bá pàdé. Bí o bá fẹ́ ṣe ohun tó le, wàá ta dáìsì kan tí ojú rẹ̀ pọ̀ ju ti lúdò lọ, tó rí bí èso tí ọ̀bọ bù jẹ yíká. Bí iye tó jáde bá ga, o rí i ṣe. Bó bá kéré, ojú á tì ọ́. Mo bi í pé ṣé ohun tí bàbá rẹ̀ rán an lọ kọ́ nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣí páálí bàtà, ó sì tú igbó sílẹ̀ níwájú mi.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rí nǹkan láyé, n kò rí irú èyí. Awẹ́ awẹ́ ni igbó náà, bí obì, awẹ́ kọ̀ọ̀kan ní igun mẹ́rin, ó sì fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó ti ya gbogbo rẹ̀ tán kó tó gbé e lọ fún àwọn tó ń tẹ̀wé ní Ṣakí, wọ́n fi àwọ̀ mèremère tẹ̀ ẹ́ jáde, òun fúnra rẹ̀ wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, ó fi rúlà àti abẹ gé e ní wẹ́kú. Bí o bá mú ọ̀kan, wàá rí ìrókò tó wó dábùú ọ̀nà, tí olú funfun hù sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí o bá mú òmíràn, odò ni, omi rẹ̀ mọ́ débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ìka bọ̀ ọ́. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ pín ojú ilẹ̀ sí kéékèèké, ojú kan fún ìṣísẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ kí n la ẹnu tí eṣinṣin fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé ni pé ibi yòówù kí o yí awẹ́ kan sí, ọ̀nà tó wà lára rẹ̀ á bá ọ̀nà tó wà lára ìkejì pàdé gẹ́lẹ́. Mo rán aṣọ títí ojú mi fi di bàìbàì. Mo mọ ìyà tó ń jẹ aránṣọ kó tó lè mú kí òdòdó apá ọ̀tún bá ti apá òsì mu. Ọmọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn wá rán odindi igbó, kò sí ojú abẹ́rẹ́ kan tó hàn lára rẹ̀. Mo fẹ́ yin ín, ṣùgbọ́n àgbà kì í tètè yin ọmọ lójú rẹ̀, mo kàn ní kó má gbé e síbi tí adìẹ yóò ti yàgbẹ́ sí i.

Ìbídùnní ni Onígbó, Bàbá Lámídì, aládùúgbò wa, sì ni ẹnì kejì tí a jọ wọ igbó. Ó wa lọ́rì títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì ṣi ọ̀nà rí, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń sọ láràárọ̀. Ó ní alágbẹ̀dẹ lòun fẹ́ jẹ́ kí òun lè ní òòlù ńlá. Ìbídùnní fi ìdérí ìgò ẹlẹ́rìndòdò ṣe ère rẹ̀, ó lẹ àwòrán kékeré mọ́ ọn. Nígbà tó kàn mí, mo ní ọdẹ. Ó béèrè orúkọ ọdẹ náà, kí n tó rò ó, ẹnu mi ti sọ ọ́: Ọdẹ́kúnlé.

Ẹ jẹ́ kí n yà síbì kan díẹ̀, ọ̀nà kò ní sá lọ. Ọdẹ́kúnlé ni bàbá tó bí mi, ọdẹ tí ẹtu ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ tó ń dágbére fọ́mọ. Èmi obìnrin kò lè bá a rìn, ṣùgbọ́n bó bá ń nu ìbọn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí, ó sì máa ń kọ́ mi bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní ọdẹ kì í kọjá láì ṣẹ́ ewé, kí ojú ewé náà kọ sí apá ilé. Ewé ti ẹnu igbó, ẹ̀ẹ̀mejì là ń ṣẹ́ ẹ, kí ẹni tó bá ń bọ̀ tó ti rẹ̀ lè mọ̀ pé òun ti dé. Lọ́jọ́ kan ó wọ igbó. Tanímọ̀la, ajá rẹ̀, nìkan ló bọ̀. Ajá náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú sí igbó, kò jẹ, kò mu. Àwọn ọdẹ wá a títí, wọn kò rí i, wọ́n sì ṣípà ọdẹ fún un, ètùtù tí ọdẹ fi ń dágbére fún ọdẹ tó kú, láìrí òkú rẹ̀. N kò tíì ju ọmọ tó ń ru garawa kékeré lọ nígbà yẹn.

Ẹ wá gbọ́ òfin eré. Ìbídùnní ní ẹni tó bá kù sínú igbó, ère rẹ̀ á wọ inú páálí bàtà, kò sì ní jáde mọ́ láé. Bàbá Lámídì ní kò burú. Èmi ò lè sọ pé kò burú. Ẹni tí igbó ti gbé mì lẹ́ẹ̀kan, ṣé ọwọ́ èmi ọmọ rẹ̀ ló tún máa gbà wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì? Mo sọ fún Ìbídùnní pé kó fún bàbá mi lájá. Ó mọ ìtàn náà. Ó gé ajá kékeré kan, ó kùn ún, ṣùgbọ́n ó ní ajá kì í wọ Igbó Ayípadà, ó sì gbé e kalẹ̀ sórí igi tábìlì gbalaja níwájú awẹ́ àkọ́kọ́, nítorí ibẹ̀ ni ìlú. Iṣẹ́ tí ìlú rán wa kò ṣòroó sọ. Iná ti kú ní gbogbo ààrò wọn, ẹ̀yinná kan ṣoṣo ló kù láyé, àárín igbó ló sì wà. Ká lọ gbé e wá.

Bí a bá dé etí awẹ́ kan, Ìbídùnní á ṣí òmíràn láti inú èyí tó dojú dé, á tò ó mọ́ ọn, igbó á sì gùn sí i. Ẹ ò mọ bí ó ti dùn tó. Ilẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ á kàn là níwájú yín. Mo gbàgbé tábìlì, mo gbàgbé orúnkún. Ìbọn wà léjìká mi, ìrì ń kán sí mi lọ́rùn, ní ọ̀sán gangan.

Ẹni àkọ́kọ́ tó dá wa dúró, ojú rẹ̀ dán bí igbá, kò sí ẹnu níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni ẹnu wà, ọ̀kan ní àtẹ́lẹwọ́ kọ̀ọ̀kan. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á na ọwọ́ sókè bí ẹni tó ń dá ọkọ̀ dúró. Bó bá fẹ́ jẹun, á pàtẹ́wọ́. Bàbá Lámídì ní òun ti pàdé irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lójú títì, kìkì pé ẹnu tiwọn wà níbi tó yẹ. Ẹlẹ́nu-látẹ́lẹwọ́ ní kò sí ẹni tó ń kọjá láì já àlọ́ òun, ẹni tí kò bá sì rí i já, òun á jẹ nǹkan rẹ̀ kan. Ó na ọwọ́ ọ̀tún: "Kí ni ọdẹ gbé lọ sígbó tó fúyẹ́, tó gbé e bọ̀ wálé tó wúwo, tí kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀?" Bàbá Lámídì kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ balẹ̀, ó ní bàtà ni, nítorí pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ́rìn-ín, ọwọ́ òsì náà rẹ́rìn-ín, wọ́n pàdé pọ̀, òòlù ńlá sì wọ àárín wọn lọ.

Ó wá na ọwọ́ sí mi. Mo ní, "Àpò òfìfo ni. Bí o kò bá gbà, lọ bi ìyàwó ọdẹ."

Ẹlẹ́nu-látẹ́lẹwọ́ wò mí títí. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣọ́ ọ̀nà, gbogbo ọkùnrin tó dé ibẹ̀ ló ń dárúkọ ohun tí wọ́n pa, kò sí ẹni tó rántí ọjọ́ tí wọn kò rí nǹkan pa. Ó yà fún wa. Ọdẹ tó bá ro ìṣẹ́ tó ro ìyà, bó bá pẹran kò ní fún ẹnì kan jẹ. Èmi tí mo ti se ọbẹ̀ tí kò lẹ́ran fún ọmọ mẹ́fà, kí ni iwin fẹ́ fi bò mí lójú?

A dé odò. Afárá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnì kan ti jókòó sórí rẹ̀ tí ìdí rẹ̀ bo afárá tán, tó sì kù sómi lápá méjèèjì. Jókòótẹ́ lorúkọ rẹ̀. Bàbá Lámídì ní kí ìyá jọ̀wọ́ sún. Jókòótẹ́ ní òun ò ní sún. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń sọ fún òun pé kí òun dìde, kò sí ẹni tó yin ohun tí òun fi jókòó rí. Bí a bá fẹ́ afárá, ká san ìyìn. Ẹ̀yin èèyàn mi, bí wọ́n bá ní kí n jà, mo lè sá. Ṣé ti ìdí ni wọ́n fẹ́ fi dán mi wò? Mo dìde lórí àga, mo na ọwọ́, mo gbé e lóhùn ìjálá:

Ìdí gbàgede bí àgbàlá ọba,
Ìdí tó jókòó tí odò ń wá ọ̀nà mìíràn gbà,
Ìdí tí àga ń sunkún rẹ̀ kó tó wọlé.
Má wo tèmi tìkà-tẹ̀gbin, ẹgbẹ́ ni wá,
Àga oníke méjì ló ti kú sábẹ́ mi.

Ìbídùnní ní kí n ta dáìsì. Ó yí, ó yí, ó sì fi ojú tó ga jù lélẹ̀. Bàbá Lámídì rẹ́rìn-ín títí eyín àtọwọ́dá rẹ̀ fi bọ́ sórí odò, a fi ṣíbí gbé e kúrò. Ẹ̀yìnkùlé ni èmi sáré gbà, ẹ má bi mí nídìí rẹ̀. Nígbà tí mo padà, Jókòótẹ́ ti dìde, odò ti kún, afárá ti ṣí. Ó sì ta mí lólobó nítorí ìyìn mi. Ó ní Yíbírí tó ni ẹ̀yinná kì í pa ènìyàn, igbó ló máa ń yí. Ó ní, "Ẹni tó bá fi ojú lásán mọ ọ̀nà, ojú á tàn án. Ìwọ, kí lo fi mọ ọ̀nà?" Mo ní n kò tíì mọ̀.

Bí Ìbídùnní ti na ọwọ́ láti tún afárá tò nìyẹn, tó sì dá ọwọ́ dúró. Ohùn Onígbó kúrò lẹ́nu rẹ̀, ohùn ọmọ mi ló kù. "Ìyá àgbà, ta ló ṣẹ́ etí igbó mi?"

Mo wo ọwọ́ mi. Àtàǹpàkò mi ṣì wà lórí igun awẹ́ tí a wà, ó ń ṣẹ́ ẹ po lọ́wọ́. Mo wẹ̀yìn. Gbogbo awẹ́ tí a ti tẹ̀, láti ẹnu igbó dé odò, ni mo ti ṣẹ́ igun rẹ̀ kan sí apá ibi tí a ti wá, tí ti ẹnu igbó sì ká lẹ́ẹ̀mejì. N kò mọ ìgbà tí mo ṣe é. Ọwọ́ ló lọ ṣe é fúnra rẹ̀, mo sì ń fi ẹnu yìí gbógun ti iwin. Bàbá Lámídì mi orí, ó ní, "Ìyá Gbóyèga, ẹ ti fi ẹnu ewúrẹ́ kan ohun ọmọ ọlọ́mọ." Mo ní kí n gbé áyọ́ọ̀nù kí n fi lọ wọ́n. Ìbídùnní ní iná á ba àwọ̀ jẹ́. Ó ní kò sí nǹkan kan, ká máa lọ, ṣùgbọ́n mo rí i tó ń fi ìka rọra pa igun kan, bí ẹni tó ń pa ojú ọgbẹ́. Mo gbé ìdí sókè, mo ti ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan, mo sì jókòó lé wọn bí ọmọ tó fọ́ àwo. Bàbá Lámídì ló ń bá mi sún ère mi láti ibẹ̀ lọ.

Àárín igbó funfun báláú, kò sí igi. Yíbírí wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo mú ṣóńṣó bí òkòtó, ó sì ń yí láìdúró, débi pé ẹ̀yìn àti iwájú rẹ̀ jọ ń wò wá. Ẹ̀yinná wà lábẹ́ ẹsẹ̀ náà, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. A ti múra ìjà, ó kàn ní ká gbé e. Òun kì í fi nǹkan du àlejò. Gbogbo ẹni tó ti wá rí ló ti gbé e, gbogbo wọn ló sì ń bá òun gbé. A gbé e. Ó yí lẹ́ẹ̀kan, igbó sì yí.

Ìbídùnní fi apá gbá gbogbo awẹ́ jọ, ó dojú wọn dé, ó pò wọ́n bí ẹni ń fọ ẹ̀wà, ó sì tún wọn tò. Igbó tó ní àwọ̀ mèremère di páálí rúúrúú láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní ẹnu igbó wà láàárín wọn, ká yan awẹ́ kan ká ṣí i. Ẹ̀yinná kò ní ju èémí méjì lọ mọ́, ẹnì kan èémí kan, ìyẹn awẹ́ kan péré. Bàbá Lámídì na ẹsẹ̀, ó ní òun ò ṣi ọ̀nà rí. Ó ṣí ọ̀kan. Ọ̀gbun ni. Ìbídùnní mú alágbẹ̀dẹ, ó gbé e sínú páálí bàtà. Bàbá Lámídì ṣí fìlà, ó gbé e lé itan.

Ó wá ku èémí kan, ó ku ọdẹ kan. Mo wo ère bàbá mi láàárín páálí tí kò lójú. Mo wo ajá kékeré lórí igi tábìlì. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ìdérí ìgò ni, ṣùgbọ́n bàbá mi ni. Ìgbà náà ni mo rí i. Awẹ́ tí a kò tẹ̀ sùn pẹrẹsẹ, èyí tí mo ti ṣẹ́ gbé igun kan sókè díẹ̀. Ọ̀kan wà lápá ọ̀tún, lẹ́yìn, tó ń tiro ju àwọn yòókù lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni igun rẹ̀ ká.

Mo lè dákẹ́ kí n yàn án. N kò dákẹ́. Mo sọ fún Ìbídùnní pé mo rí ọ̀nà, mo sì fi àgbọ̀n tọ́ka sí i, nítorí ọwọ́ mi ṣì wà lábẹ́ itan. Mo ní igbó rẹ̀ ni, bó bá ní èyí kò bá eré mu, màá fi ojú dídì yan òmíràn. Ó wo igun náà, ó wò mí, ó wo ajá. Nígbà tó máa fọhùn, ohùn Yíbírí ni.

"Ọdẹ, ta ló fọ̀nà hàn ọ́ nínú igbó mi?"

"Ewé ni."

"Ta ló ṣẹ́ ewé?"

"Èmi ni."

"Ta ló kọ́ ọ?"

Mo ní, "Ẹni tí mo ń mú bọ̀ wálé."

Yíbírí dáwọ́ yíyí dúró. Ó ní, "Gbogbo ohun tó wà nínú igbó ni mo lè yí padà. Ewé tí ọdẹ bá ti ṣẹ́, n kò lè tún un nà. Máa lọ."

Mo yọ ọwọ́ lábẹ́ itan, ó ti kú tipiri, mo fi ṣí awẹ́ náà. Oòrùn ló wà lójú rẹ̀. Ọ̀nà pupa gba àárín koríko lọ, ó tààrà, ó sì tán sí etí páálí. Èmi fúnra mi ni mo mú bàbá mi, mo tì í ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, títí ó fi kúrò lórí igbó tó bọ́ sórí igi tábìlì, ẹ̀yinná lọ́wọ́ rẹ̀ fún ààrò ìlú. Lọ́jọ́ ọjọ́sí, ajá ló bọ̀ tí ọdẹ kò bọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ajá ti wà nílé, ó kọjú sí igbó, ọdẹ sì dé bá a. Bàbá Lámídì ní ìbá ṣe pé òun ní òòlù òun ni, gbogbo èyí ì bá ti parí tipẹ́. Mo ń fi gèlè nu ojú, mo ní eruku ni.

Ìbídùnní kó igbó rẹ̀ jọ. Ó na igun àwọn awẹ́ padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi ìwé atúmọ̀ èdè tó wúwo tẹ̀ wọ́n. Ìgbà tó kan ẹnu igbó, ó wo igun tó ká lẹ́ẹ̀mejì náà, ó sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo sì yìn ín, lójú rẹ̀, láìfi adìẹ bò ó mọ́lẹ̀. Páálí bàtà wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù báyìí, gbogbo Igbó Ayípadà sì wà nínú rẹ̀, àfi ọdẹ kan àti ajá kan. Ojú fèrèsé mi ni àwọn wà. Láràárọ̀, bí mo bá ń tiro lọ sí ilé ìdáná, ibẹ̀ ni mo máa ń sinmi sí, màá sì sọ ohun tí a kò rí sọ nílé wa láti ìgbà tí mo ti ń ru garawa kékeré:

Ẹ kú àbọ̀, Bàbá.